Ibi Tí Eré Ọkọ̀ Ń Parí Sí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí ọkọ̀ olówó ńlá kan bá kọjá, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń wò ó ni pé, "Agbára ẹṣin mélòó ló ní?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kò tó. GMC Hummer oníná mànàmáná wà tí agbára rẹ̀ tó 1,000, síbẹ̀ eré rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 170 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. McLaren F1 tó ní 627 péré ti sá ju 386 lọ. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé: kí ló kọ́kọ́ dá a dúró? Ṣé afẹ́fẹ́ ni, àbí gíà, àbí táyà, àbí kọ̀ǹpútà, àbí ọ̀nà ló tán níwájú rẹ̀? Àjà ni gbogbo wọn jẹ́ lórí ọkọ̀, èyí tó bá sì rẹlẹ̀ jù ni orí ọkọ̀ máa gbá. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá dárúkọ eré, kìlómítà ní wákàtí kan ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló le jù. A kì í rí i, la ṣe ń rò pé kò wúwo. Afẹ́fẹ́ tó kún inú àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, létí òkun, tí ooru bá jẹ́ 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn kìlógíráàmù 1.225. Ọkọ̀ tí ojú iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2 níbùú-lóòró (2 m²), tó ń sá eré 400, ń kọjá láàárín afẹ́fẹ́ tó ju kìlógíráàmù 260 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà lọ́nà fún un, kí ó sì padà pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ padà nìyí. Ẹ mú ìdajì ìwúwo afẹ́fẹ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń sọ bí ìrísí ọkọ̀ ṣe ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, èyí tí wọ́n ń kọ ní Cd. Ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìfẹ̀ ojú iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú eré, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni gbogbo ọ̀ràn wà: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tí ẹ́ńjìnì máa fi borí ipá yẹn tún jẹ́ ipá lọ́nà eré, nítorí náà òun á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ẹ wo ọkọ̀ tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.35, tí ojú iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 2 níbùú-lóòró. Ní 100, nǹkan bí agbára ẹṣin 12 ló tó láti la afẹ́fẹ́ já. Ní 200, ó di 98. Ní 300, ó di 330. Ní 400, ó di 783. Láti 300 dé 400, eré fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé, agbára sì ju ìlọ́po méjì lọ. Afẹ́fẹ́ nìkan nìyẹn o, a ò tíì dá sí táyà àti gíà.

Ká fi ọkọ̀ gidi dán ìṣirò náà wò. Bugatti Veyron tó jáde ní 2005 ní agbára 1,001 lórí òṣùwọ̀n PS ti àwọn ará Yúróòpù, èyí tó jẹ́ 736 kilowáàtì. Bí wọ́n bá tò ó fún eré tó ga jù, Cd rẹ̀ jẹ́ 0.36, ojú iwájú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mítà 2.07 níbùú-lóòró. Eré rẹ̀ tó ga jù jẹ́ 407, ìyẹn mítà 113 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: afẹ́fẹ́ á máa fi ipá tó 5,700 lórí òṣùwọ̀n ipá tí wọ́n ń pè ní Newton tì í padà, èyí sì ń gba nǹkan bí 645 kilowáàtì. Táyà tó ń yí lórí títì á gba nǹkan bí 50. Ìyókù tí kò tó nǹkan, eyín gíà, ṣáàfù àti bẹ́árì ló ń sọ ọ́ di ooru. Ní 407, ẹ́ńjìnì ti ná owó ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ní 2010, Veyron Super Sport dé pẹ̀lú agbára 1,200, ó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí agbára bá fi ìdá 20 lé, kí la retí kí eré fi lé? Ìdá 6 péré. Ìdá 6 lórí 407 máa gbé e dé nǹkan bí 432. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lórí pápá Ehra-Lessien ní Jámánì jẹ́ 431.072. Igba agbára ẹṣin, tó tó odindi ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ìdílé, ni wọ́n fi ra kìlómítà 24.

Nígbà tó wá di oṣù Kẹjọ 2019, Bugatti Chiron tí wọ́n ń pè ní Super Sport 300+ sá eré 490.484 lórí pápá yẹn kan náà, Andy Wallace ló wà nídìí ọkọ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ 1,600. Bí ẹ bá ti ara Veyron àkọ́kọ́ ṣírò agbára nìkan, 476 lẹ máa bá. Ìyàtọ̀ kìlómítà 14 tó ṣẹ́kù wá láti ibòmíràn. Wọ́n fa ìdí ọkọ̀ náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 kí afẹ́fẹ́ lè fi ara ọkọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀sọ̀, wọ́n mú un sún mọ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí páìpù èéfín kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lábẹ́ ọkọ̀ lè fẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju imú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ imú sì ni ojú gbogbo èèyàn ń wò. Afẹ́fẹ́ tó já lójijì lẹ́yìn ọkọ̀ ń ṣe ìjì kékeré níbẹ̀, ìjì yẹn ló ń fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí kí wọ́n kàn máa dán ara ọkọ̀ bí ẹyin? Ohun méjì ni kì í jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ẹ́ńjìnì tó ń tú agbára 1,000 síta ń tú ooru tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dànù, Veyron sì nílò rédíétọ̀ 10. Rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó bá sì wọ inú ọkọ̀, tó fara gbún irin kó tó jáde, ń dín eré kù. Ìkejì ni pé ara ọkọ̀ tó yọ gọnbu lókè, tó tẹ́ lábẹ́, jọ ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Bí eré bá pọ̀, ó fẹ́ gbéra. Táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ á di bí ẹni pé kò mú nǹkan kan. Wọ́n ní láti fi ìyẹ́ ẹ̀yìn àti abẹ́ ọkọ̀ fa á mọ́lẹ̀, kò sì sí ìfàmọ́lẹ̀ kan tó wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Porsche 911 ló fi èyí hàn jù. Oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GT3 RS, tó jáde ní 2022, ní agbára 525, ó ní ìyẹ́ ńlá lẹ́yìn, ní 285 ó ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹrù kìlógíráàmù 860 wà lórí rẹ̀. Eré rẹ̀ tó ga jù jẹ́ 296. Carrera S ìran kan náà tó ní 450 ń dé 308. Èyí tó lágbára jù ló dúró sẹ́yìn, nítorí kọ́nà ni wọ́n ṣe é fún.

Veyron fẹ́ jẹ méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Láìlo kọ́kọ́rọ́ yẹn, ìyẹ́ ẹ̀yìn á wà lókè, eré kò sì ní kọjá 375. Bí awakọ̀ bá fẹ́ 407, á dá ọkọ̀ dúró pátápátá, á fi kọ́kọ́rọ́ kejì sínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, ọkọ̀ á wá yẹ ara rẹ̀ wò. Bí gbogbo nǹkan bá pé, ọkọ̀ á rẹlẹ̀ títí iwájú rẹ̀ á fi jìnnà sílẹ̀ ní mílímítà 65 péré, ẹ̀yìn 70, ìyẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ iwájú á sì pa dé. Bí awakọ̀ bá fọwọ́ kan bíréèkì báyìí, gbogbo ètò náà ti bàjẹ́, ọkọ̀ á gbéra padà.

Ti ìwúwo, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ariwo tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Kìlógíráàmù 100 tí ẹ bá kó sínú ọkọ̀ ń fi nǹkan bí 15 Newton kún ohun tí táyà ń gbà. Ẹ fi wé 5,700 ti afẹ́fẹ́. Ìwúwo ń pa ìgbéra, ó ń pa bíréèkì, ó sì ń fi ooru jẹ táyà, ṣùgbọ́n lórí títì tó tẹ́jú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin eré. Orí òkè nìkan ló ti ń hàn.

Àjà kejì ni gíà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ẹ mú iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi iye tí gíà tó ga jù àti dífárẹ́ńṣà (gíà tó ń pín agbára fún táyà) jọ dín in kù pín in, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àyíká táyà. Mítà ní ìṣẹ́jú kan lẹ máa rí, ẹ wá yí i sí kìlómítà ní wákàtí kan. Ká ní ẹ́ńjìnì kan kì í yí ju 7,500 lọ, tí àyíká táyà jẹ́ mítà 2.10. Bí gíà àti dífárẹ́ńṣà bá jọ jẹ́ 3.15, òpin eré rẹ̀ jẹ́ 300 géérégé. Ẹ fi agbára ẹṣin ẹgbẹ̀rún méjì sí i, 300 náà ni. Bí ẹ bá sọ 3.15 di 2.70, ọ̀nà ti ṣí dé 350, bí afẹ́fẹ́ bá gbà.

Àmọ́ bí gíà bá gùn jù, ìyẹn bí nọ́ńbà yẹn bá kéré jù, ọ̀ràn mìíràn ti dé. Ẹ sọ ọ́ di 2.30 nínú ọkọ̀ yẹn: lórí ìwé ó lè dé 410. Ṣùgbọ́n ká ní afẹ́fẹ́ ń dá a dúró ní àyíká 325. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ń yí ní nǹkan bí 5,900, bẹ́ẹ̀ 7,000 ni gbogbo agbára rẹ̀ ti ń jáde. Ó ń fi ìdajì ọwọ́ jà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á sá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá já a sí gíà tó wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe ni gbogbo ìgbà o: gíà tó kẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n ṣe é láti dín epo kù ni. Porsche 911 tó ní gíà 8, gíà kẹfà ló ti ń dé òpin eré rẹ̀. McLaren F1 ní tirẹ̀ wà ní òdìkejì: ní 1998, kí wọ́n tó lè rí 386.4 yẹn ní Ehra-Lessien, wọ́n ní láti gbé òpin yíyí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kúrò ní 7,500 lọ sí 8,300.

Àjà kẹta, ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alágbára láti Jámánì ni kọ̀ǹpútà wọn ń dín epo àti iná kù bó bá ti di 250. Àdéhùn láàárín àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnì ló rẹ̀. BMW M5 ìran F90 ń dúró ní 250. Ẹni tó bá sanwó kún un, wọ́n á ṣí i dé 305. Ẹ́ńjìnì kan náà, ara ọkọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan táyà, ibi tí mo rò pé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kì í wò tó. Lẹ́tà tó kẹ́yìn lára nọ́ńbà táyà ló ń sọ eré tó lè gbé: H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300. Bí wọ́n bá fi Y sínú àkámọ́, ó ju 300 lọ, ẹni tó ṣe táyà ló sì máa sọ ibi tó dé. Ẹni tó bá gbé táyà V sórí ọkọ̀ tó lè sá 300, òun ló yí òpin eré ọkọ̀ rẹ̀ padà, bí dáṣíbọ́ọ̀dù ò tilẹ̀ sọ fún un.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí táyà? Ní 400, táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2.2 ń yí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ipá tó ń ti ohunkóhun tó wà lójú táyà síta tó ìlọ́po 3,600 ìwúwo rẹ̀. Òkúta kékeré gíráàmù 5 tó há sáàárín eyín táyà á máa fà bí ẹrù kìlógíráàmù 18. Ojú táyà fúnra rẹ̀ fẹ́ ya kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ooru dé: ní gbogbo ìgbà tí apá kan táyà bá kan ilẹ̀, á tẹ̀, á tún nà, rọ́bà sì ń gbóná nínú títẹ̀ àti nínà yẹn. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá tó, àìtó afẹ́fẹ́ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ní 100, apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ kò ní tíì nà tán kó tó tún kanlẹ̀. Ara táyà á wá máa ru bí omi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ́.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó sá irú eré yìí lórí pápá, wọ́n á wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó tutù, wọ́n á sì gbé e sí iye tí ìwé ọkọ̀ kọ fún eré gíga, èyí tó máa ń ju ti ojoojúmọ́ lọ. Wọ́n á wo nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọjọ́ orí táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Wọ́n á fọwọ́ wá gbogbo ojú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ibi tó wú tàbí tó gé. Táyà tó ti ní páǹṣà tí wọ́n lẹ̀, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Fún eré 490 yẹn, gbogbo táyà tí Michelin kó wá ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ àwòrán egungun wo inú rẹ̀, kí wáyà kan má baà sún mọ́ èkejì jù.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó parí sí fún ẹni tó ra ọkọ̀. Veyron Super Sport tó sá 431, wọ́n dí i mọ́ 415 fún oníbàárà, nítorí táyà. Ti Chiron 300+, 440 ni wọ́n dí i mọ́. Ẹ́ńjìnì ń bẹ, gíà ń bẹ, ara ọkọ̀ ń bẹ. Rọ́bà ló sọ pé ó tó. Àwọn tó ṣe Veyron tilẹ̀ sọ pé ní eré tó ga jù, táyà rẹ̀ ò lè ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kò séwu ṣá, nítorí epo lítà 100 tó wà nínú táńkì á ti gbẹ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12.

Ojú ọjọ́ àti ibi tí ọkọ̀ wà náà ń dá sí i. Lórí ilẹ̀ tó ga tó mítà 1,500, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti etí òkun lọ. Ìdènà á dín kù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ń mí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ yẹn náà, agbára rẹ̀ á sì já wálẹ̀ pẹ̀lú. Èrè àti àdánù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó ní tọ́bò ló ń jèrè, torí tọ́bò lè rọ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì títí á fi kún, bí kò bá tíì dé òpin tirẹ̀. Atẹ́gùn ńkọ́? Bí ó bá ń fẹ́ sí iwájú ọkọ̀ ní 10, òpin eré á dín ní nǹkan bí 6 tàbí 7. Bó bá ti ẹ̀yìn fẹ́, á lé tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà gan-an lè jẹ́ àjà. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ òpin eré rẹ̀, ipá tó ṣẹ́kù láti fi gbéra ń tín-ín-rín, kìlómítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn á sì máa jẹ ọ̀nà bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ní 2017, Chiron lọ láti ìdúró dé 400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 32.6, ó sì jẹ mítà 2,621. Láti dúró padà, mítà 491 ló gbà. Ibi tí ènìyàn ti lè sá irú eré yìí láìséwu kò pọ̀ láyé. Ojú títì tààrà ní Ehra-Lessien gùn tó kìlómítà 8.7, ọkọ̀ sì ti máa ń mú eré bọ̀ láti kọ́nà kó tó wọ ibẹ̀. Pápá Nardò ní Ítálì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kìlómítà 12.6, àmọ́ ó yí bí òrùka, táyà tó ń yí kọ́nà títí lọ sì ń gbé díẹ̀ nínú eré mì.

Ọkọ̀ oníná mànàmáná kò yọ nínú òfin afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju gíà kan lọ, nítorí náà gíà kan ṣoṣo yẹn gbọ́dọ̀ sin ìgbéra, kó tún sin eré gíga. Bí wọ́n bá fi í sí kíkúrú, ọkọ̀ á ta bí ọfà ní ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tọ̀ iná á sì tètè dé òpin yíyí rẹ̀. Porsche Taycan fi gíà méjì sẹ́yìn láti yẹra fún un. Ọ̀ràn kejì ni ooru bátìrì: bó bá ti gbóná, kọ̀ǹpútà á dín agbára kù láìbéèrè. Rimac Nevera sá 412 ní Papenburg ní Jámánì ní 2022, ṣùgbọ́n 352 ni wọ́n dí i mọ́ fún àwọn tó rà á. Ní 2025, lórí pápá yẹn kan náà, Yangwang U9 Xtreme ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé e dé 496.22.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Iye tí a lè gbára lé ni èyí tí ọkọ̀ sá lọ, tó tún sá padà lójú títì kan náà láàárín wákàtí kan, tí wọ́n wá pín méjèèjì sí méjì, kí atẹ́gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lè pa ara wọn rẹ́. Koenigsegg Agera RS ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nevada ní oṣù Kọkànlá 2017, ó rí 447.19. Ti Chiron, ọ̀nà kan péré ni. Ní 2020, àwọn tó ṣe SSC Tuatara kéde pé ọkọ̀ wọn rí 508.73 nínú àlọ àti àbọ̀. Àwọn èèyàn mú fídíò rẹ̀, wọ́n ka àkókò tó fi kọjá láàárín àwọn àmì ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n wo yíyí ẹ́ńjìnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì ṣe ìṣirò gíà tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan yìí. Kò bára mu. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé ọkọ̀ náà kò sá tó iye tí wọ́n kéde.